Òkun Ń Gba Ilẹ̀: Àyípadà Ojú-Ọjọ́ àti Ọjọ́ Iwájú Etíkun láti Lomé dé Ayétòrò

Ìfáárà

Etíkun tí ó bẹ̀rẹ̀ láti Lomé ní orílẹ̀-èdè Tógò, tí ó gba Aného àti Grand-Popo kọjá sí Kútọnu, tí ó wọ Nàìjíríà ní Àgbádárìgì, tí ó sì na gba Èkó títí dé ilẹ̀ Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, jẹ́ etíkun kan ṣoṣo ní ti ìṣẹ̀dá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orílẹ̀-èdè mẹ́ta ni ó pín in mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Òkun kan náà ni ó ń lu gbogbo rẹ̀. Àwọn Mina, Fọn, Ògù, Àwórì àti Ìlàjẹ tí ń gbé ibẹ̀ ti ń fi ẹja pípa, iyọ̀ sísè, àgbọn gbígbìn àti òwò orí omi jẹun láti ayébáyé. Lónìí, ibẹ̀ kan náà ni àwọn ìlú ńlá, èbúté ọkọ̀ òkun àti ilé-iṣẹ́ pọ̀ sí jù lọ ní orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí náà ohun tí òkun bá gbà níbẹ̀, gbogbo agbègbè ni ó pàdánù rẹ̀.

Èrò tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ohun méjì ni ó pawọ́ pọ̀ lé etíkun yìí sẹ́yìn. Àkọ́kọ́ ni pé òkun ń ga sí i nítorí pé ayé ń gbóná, èyí tí kì í ṣe ẹ̀bi àwọn tí ń gbé etíkun náà, tí wọn kò sì lè dá dúró fúnra wọn. Èkejì ni iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ní etíkun náà gan-an, èyí tí ó ti gé iyanrìn kúrò lọ́nà, tí ó ti pa igi etí omi run, tí ó sì ti sọ ilẹ̀ di aláìlágbára kí òkun tó bẹ̀rẹ̀ sí í yára ga. Bí a kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀, àwọn kan yóò máa di gbogbo ẹrù ru àyípadà ojú-ọjọ́ kí wọ́n má bàa ṣe ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe, àwọn mìíràn yóò sì rò pé ògiri òkúta nìkan ti tó láti dá òkun padà.

Ohun tí ń jẹ́ àyípadà ojú-ọjọ́

Òjò tàbí oòrùn ọjọ́ kan kọ́ ni ojú-ọjọ́ tí àwọn onímọ̀ ń sọ. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni bí òjò, ooru, ọyẹ́ àti afẹ́fẹ́ ṣe máa ń rí ní ibì kan bí a bá wọ̀n ọ́n pọ̀ fún ọdún púpọ̀, tí ó sábà máa ń jẹ́ 30 ọdún. Ọdún kan tí òjò kò rọ̀ dáadáa kò tíì di àyípadà ojú-ọjọ́, ṣùgbọ́n bí ìṣesí òjò bá yàtọ̀ láti ìran kan sí èkejì, tí kò sì padà sí bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀, àyípadà ti dé nìyẹn.

Ohun tí ó fa ti àkókò yìí hàn gbangba. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́rọ ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù ni ènìyàn ti ń jó èédú tí a wà nílẹ̀, epo rọ̀bì àti afẹ́fẹ́ gáàsì, tí igbó sì ń di ahoro. Èéfín tí ó ń jáde láti inú ìwọ̀nyí, pàápàá èyí tí a ń pè ní kábọ́ọ̀nù dayọ́kísáìdì, kì í jẹ́ kí ooru tí oòrùn fi sórí ilẹ̀ rí ọ̀nà padà sókè bí ó ti yẹ. Ṣáájú ìgbà ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́rọ, nǹkan bíi 280 ni ìwọ̀n rẹ̀ nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi di ọdún 2019 ó ti dé 410. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ àgbáyé tí a mọ̀ sí IPCC, tí àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé gbé dìde láti máa ṣe àkójọ ìmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, fi hàn pé ayé fi nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 1.1 gbóná ju bí ó ti rí láàárín ọdún 1850 sí 1900 lọ, bí a bá mú ọdún 2011 sí 2020 wọ̀n ọ́n. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ooru ti lé sí i ní ìwọ̀n 1 sí 3 láti àárín àwọn ọdún 1970, Sàhárà àti ẹkùn Sàhẹ́lì sì ni ó ti le jù.

Òkun ni ó ń gba èyí tí ó ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ooru àfikún yìí sára. Bí omi inú ìkòkò ṣe ń wú nígbà tí iná bá ká a lára ni omi òkun náà ń wú bí ó ti ń gbóná, òkìtì yìnyín orí ilẹ̀ ní Greenland, Antarctica àti orí àwọn òkè gíga sì ń yọ́ wọ inú rẹ̀. Láàárín ọdún 1901 sí 2018, òkun àgbáyé ga ní nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà. Ohun tí ó yẹ kí ó kó àníyàn báni jù ni bí ó ṣe ń yára sí i, nítorí pé láàárín ọdún 1901 sí 1971 ó ń fi nǹkan bíi mìlímítà 1.3 ga lọ́dún, ṣùgbọ́n láàárín ọdún 2006 sí 2018 ó ti di mìlímítà 3.7.

Bí etíkun náà ṣe rí kí ọwọ́ ènìyàn tó kàn án

Apá tí ó pọ̀ jù nínú etíkun yìí jẹ́ ilẹ̀ iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà láàárín òkun àti ọ̀sà, irú èyí tí Lẹ́kí àti erékùṣù Victoria ní Èkó jókòó lé. Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ga, kò sì dúró sójú kan. Odò ńláńlá, pàápàá odò Volta ní Gánà, ni ó ti ń kó iyanrìn wá sí òkun láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ìgbì tí ń ti ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá sì máa ń wọ́ iyanrìn náà lọ sí ìlà-oòrùn ní etíkun, débi pé ohun tí ó ń kọjá níbì kan láàárín ọdún kan lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún mítà kúbíìkì. Ohun tí òkun gbà lówùúrọ̀ yìí ni ìgbì tún fi òmíràn dípò rẹ̀ lọ́la, bẹ́ẹ̀ ni etíkun ṣe ń wà láàyè. Èyí túmọ̀ sí pé ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá fi dí ọ̀nà iyanrìn ní ibì kan yóò kó iyanrìn jọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, ebi iyanrìn yóò sì pa ìhà ìlà-oòrùn rẹ̀.

Ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe

Èkó ni ó kọ́kọ́ rí ẹ̀kọ́ yìí. Nítorí pé iyanrìn máa ń dí ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ inú ọ̀sà, ìjọba amúnisìn mọ ògiri òkúta wọ inú òkun ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnu ọ̀nà náà láàárín ọdún 1908 sí 1912. Ọ̀nà ọkọ̀ là, èbúté Èkó sì gbòòrò. Ṣùgbọ́n iyanrìn kó jọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn ògiri náà, etíkun Bar Beach tí ó wà ní ìhà kejì sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá sẹ́yìn, débi pé nígbà tí ó fi di òpin àwọn ọdún 1950 òkun ti gba ilẹ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ ju kìlómítà kan lọ nítòsí ògiri ìlà-oòrùn. Lẹ́yìn ìgbà náà, ìjọba kan lẹ́yìn èkejì da iyanrìn síbẹ̀ léraléra, òkun sì ń kó o lọ.

Ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ ní Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ lẹ́yìn òmìnira. Ìsédò Akosombo tí Gánà parí ní ọdún 1965 dá iyanrìn odò Volta dúró sẹ́yìn odi. Èbúté Kútọnu àti ti Lomé, tí a kọ́ ní àwọn ọdún 1960, dí ọ̀nà èyí tí ó ṣẹ́kù. Ní ìlà-oòrùn Lomé, láti Baguida títí kan Agbodrafo àti Aného, òkun gba oko àgbọn, ó gba ilé, ó sì gé títì etíkun débi pé a ní láti ṣí i wọ inú ilẹ̀. Ní ìlà-oòrùn Kútọnu, odidi àdúgbò ni ó bá omi lọ. Ní Èkó ní ọ̀rúndún tuntun yìí, ìlú tuntun Eko Atlantic ti jáde láti inú òkun ní iwájú Bar Beach, pẹ̀lú odi òkúta tí wọ́n fẹ́ kí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 8.5. Odi náà dáàbò bo erékùṣù Victoria, ṣùgbọ́n àwọn ará Okun Alfa àti àwọn abúlé mìíràn tí ó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀ ti ń ké gbàjarè láti ọ̀pọ̀ ọdún wá pé ìgbì ń gba ilẹ̀ àwọn.

Ọwọ́ kékeré náà ń ṣe tirẹ̀. Àwọn tí ń kó iyanrìn etíkun àti ti inú ọ̀sà tà fún àwọn kọ́lékọ́lé ń mú ohun tí etíkun ìbá fi wo ara rẹ̀ sàn. Wọ́n ń gé igi ẹ̀gbà, tí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń ta sókè nínú ẹrẹ̀ etí ọ̀sà tí ó sì ń dá agbára omi dúró, láti fi yan ẹja àti láti fi ṣe igi ìdáná. Ní Èkó, níbi tí omi ẹ̀rọ ìjọba kò ti kárí, ọ̀kẹ́ àìmọye kànga ẹlẹ́rọ ni ó ń fa omi láti abẹ́ ilẹ̀, àwọn onímọ̀ tí ń fi sátẹ́láìtì wọn ilẹ̀ sì ti rí i pé àwọn apá kan ìlú náà ń rì díẹ̀díẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ bá ti ń rì tí òkun sì ń ga, a ní láti ro méjèèjì pọ̀ mọ́ ara wọn kí a tó mọ bí omi ṣe súnmọ́ ilé tó.

Ayétòrò: ìlú tí kò ní iyanrìn láti fi jà

Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ yàtọ̀ sí àwọn ìlú tí a ti sọ. Ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ ni ó tẹ ìlú náà dó ní ọdún 1947, tí wọ́n jùmọ̀ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì jùmọ̀ ń ná èrè rẹ̀, débi pé òkìkí ìlú náà kàn jákèjádò Nàìjíríà nítorí iná mànàmáná, ilé-ẹ̀kọ́, ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń kàn àti afárá pákó tí ó so ilé pọ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó jókòó lé kì í ṣe iyanrìn. Ẹrẹ̀ ni. Ní apá etíkun yẹn, iyanrìn tí ń bọ̀ láti ìhà Lẹ́kí kò dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹrẹ̀ tí ó rọ̀ kò sì lè dúró níwájú ìgbì. Bí òkun bá gba ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀, kò sí ohun tí yóò dá a padà.

Ìdí nìyẹn tí Ayétòrò fi ń parẹ́ kíákíá. Òkun ti gba ọ̀pọ̀ ilé, ilé-ẹ̀kọ́, ibi ìjọsìn àti ibojì àwọn tí ó tẹ ìlú náà dó, àwọn ìdílé kan sì ti tún ilé kọ́ sẹ́yìn ju ìgbà kan lọ kí wọ́n tó kó kúrò pátápátá. Láti ọdún 2004 ni ìjọba ti gbé iṣẹ́ ààbò etíkun náà síta, owó ti jáde, àwọn agbaṣẹ́ṣe ti yí padà, ṣùgbọ́n ògiri tí a ṣèlérí kò dúró níwájú ìgbì. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ìmọ̀ ni ó wọ́n. Ohun tí ó wọ́n ni kí ẹni tí ó gba iṣẹ́ ṣe é, kí ẹni tí ó gbé e fún un sì bi í.

Ibi tí omi òjò àti omi òkun ti pàdé

Ìpalára etíkun kò pin sí ibi tí ìgbì dé. Ọ̀sà àti odò ni omi òjò ń gbà ṣàn lọ sí òkun, bí òkun bá sì ti ga, omi òjò kò ní ibi tí yóò gbà jáde mọ́, yóò padà sínú ilé. Afẹ́fẹ́ tí ó gbóná sì máa ń gba omi ju èyí tí ó tutù lọ, ó tó ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìwọ̀n Celsius kọ̀ọ̀kan, nítorí náà nígbà tí òjò bá rọ̀, ó máa ń wá pẹ̀lú agbára. Àwọn ará Ìṣẹ́rí àti Àjẹgúnlẹ̀ lọ́nà Ìkòròdú mọ èyí dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni odò Ògùn ti ń súnmọ́ ọ̀sà, tí omi tí a bá tú sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán sì máa ń bá òjò pàdé ní ẹnu ọ̀nà wọn. Ní ọdún 2022, àkúnya omi jákèjádò Nàìjíríà pa ènìyàn tí ó lé ní 600, ó sì lé èyí tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé.

Iyọ̀ pẹ̀lú ń rìn lábẹ́ ilẹ̀. Bí òkun bá ń ti ilẹ̀, tí a sì ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ ní àfàjù, omi iyọ̀ yóò wọ inú kànga, ẹ̀gẹ́ àti ewébẹ̀ tí wọ́n gbìn sí ẹ̀bá ọ̀sà yóò máa kú, àwọn obìnrin tí ń pọn omi yóò sì máa rìn jìnnà sí i.

Àdánù yìí ṣeé fi owó wọ̀n. Báńkì Àgbáyé ṣe ìṣirò pé ní ọdún 2017 nìkan, ohun tí bíbàjẹ́ etíkun, pẹ̀lú àkúnya omi àti ìdọ̀tí, gbà lọ́wọ́ Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Sẹ̀nẹ̀gà àti Côte d'Ivoire tó bílíọ̀nù dọ́là 3.8, èyí tí ó jẹ́ ìdá 5.3 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ọrọ̀ tí orílẹ̀-èdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pèsè lọ́dún náà.

Ohun tí ó wà níwájú

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àwọn onímọ̀ kì í fi ẹnu kan sọ ọjọ́ iwájú bí ẹni pé ó ti dájú. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni láti sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ayé bá tọ ọ̀nà kan tàbí òmíràn. Bí a bá fi òkun bí ó ti rí láàárín ọdún 1995 sí 2014 ṣe ìpìlẹ̀, IPCC ní ó ṣeé ṣe kí ó fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 29 ga sí i nígbà tí yóò bá fi di ọdún 2050, ọ̀nà yòówù kí ayé tọ̀, nítorí pé ooru tí òkun ti gbà sára kò ní kúrò níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí yóò kọ́lé sí etíkun lónìí kò gbọdọ̀ rò pé àdéhùn kan yóò gba òun lọ́wọ́ èyí.

Lẹ́yìn ọdún 2050 ni ọ̀nà ti pínyà. Bí ayé bá dín èéfín kù gan-an láìpẹ́, òkun lè fi sẹ̀ǹtímítà 28 sí 55 ga nígbà tí ọ̀rúndún yìí bá parí. Bí èéfín bá ń pọ̀ sí i láìdáwọ́ dúró, yóò di sẹ̀ǹtímítà 63 sí 101, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ bí yìnyín Antarctica bá bẹ̀rẹ̀ sí í wó lójijì. Lójú ẹni tí ń gbé orí òkè, ìdajì mítà lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ní etíkun yìí, níbi tí kíkún àti fífà òkun kò ti sábà ju mítà kan sí méjì lọ, tí ilẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ, ìdajì mítà ni ó wà láàárín ìgbì tí ó kú sí etí iyanrìn àti èyí tí ó kọjá sínú yàrá. Ìgbì ńlá tí àwọn àgbà ń rí lẹ́ẹ̀kan láyé wọn yóò di ohun tí ọmọ ń rí lọ́dọọdún ní ọ̀pọ̀ ibi.

Ní ti òjò, àwọn onímọ̀ ń retí pé òjò líle yóò máa le sí i, pé ìbẹ̀rẹ̀ òjò yóò máa pẹ́, àti pé òjò yóò máa pẹ́ kó tó kúrò nílẹ̀. Fún àgbẹ̀ tí ń fi òjò àkọ́rọ̀ gbin àgbàdo tí ó sì ń retí àrọ̀kúrò, ìṣirò àwọn baba kò ní tó mọ́. Ó ní láti gbọ́ ìkéde ojú-ọjọ́ tí NiMet, àjọ ojú-ọjọ́ Nàìjíríà, ń gbé jáde lọ́dọọdún, ìkéde náà sì ní láti dé etí rẹ̀ ní èdè tí ó gbọ́.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

Ìdájọ́ òdodo ni ó kọ́kọ́ yẹ kí a sọ. Gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà kò mú ju nǹkan bí ìdá 4 lọ nínú ọgọ́rùn-ún èéfín tí ayé ń tú jáde, síbẹ̀ Ayétòrò ń lọ. Owó àtúnṣe àdánù tí àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò sí ní Íjíbítì ní ọdún 2022 jẹ́ ẹ̀tọ́, kì í ṣe ìtọrẹ àánú, ó sì yẹ kí Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò jùmọ̀ béèrè rẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò tí ó péye.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ń béèrè ẹ̀tọ́ gbọ́dọ̀ ṣe ojúṣe tirẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí pé iyanrìn kò mọ ààlà orílẹ̀-èdè, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́ èbúté tàbí odi tuntun láìjẹ́ pé ó wọn ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí aládùúgbò rẹ̀ ní ìlà-oòrùn, kí ó sì pèsè iyanrìn tí yóò fi dípò èyí tí ó dá dúró. Àdéhùn Abidjan tí àwọn orílẹ̀-èdè etíkun ṣe ní ọdún 1981 ti la ọ̀nà fún irú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ jùmọ̀ ń ṣe ní ẹnu ààlà wọn lábẹ́ WACA, ètò ìdáàbòbò etíkun ti Báńkì Àgbáyé, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018, sì fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Tógò ti fòfin de kíkó iyanrìn etíkun. Ó yẹ kí Nàìjíríà pẹ̀lú sọ ibi tí iyanrìn ti lè jáde àti ibi tí kò gbọdọ̀ ti jáde, kí ó sì mú òfin náà ṣẹ. Òfin Àyípadà Ojú-Ọjọ́ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní ọdún 2021 ti wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n ìwé kì í dá ìgbì dúró.

Igi ẹ̀gbà tí a gbìn padà, ojú àgbàrá tí a kò kọ́lé lé, omi ẹ̀rọ tí ó dé ilé kí kànga ẹlẹ́rọ lè dínkù, gbogbo ìwọ̀nyí ni ó yẹ kí a ṣe, kí a má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé odi òkúta nìkan. Níbi tí ìlú kan bá sì wà tí a kò lè gbà là mọ́, òtítọ́ ni kí a bá àwọn ará ibẹ̀ sọ. Kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ ni oògùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ nílò ibi tí yóò tẹ̀. Ẹni tí yóò kúrò ní ilẹ̀ baba rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ilẹ̀ tí ó ní ìwé, tí ó súnmọ́ omi tí yóò ti máa pẹja, kí ọba, ìjọ àti àdúgbò rẹ̀ sì lè bá a lọ pọ̀, kí wọ́n má ṣe túká bí àlejò sí ìlú ẹlòmíràn.

Ìkádìí

Àlàfo tí ó wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 28 àti sẹ̀ǹtímítà 101 kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ nìkan. Àwọn tí ń jó epo àti èédú jù láyé ni yóò pinnu ibi tí òkun yóò dúró láàárín wọn. Ṣùgbọ́n irú ilẹ̀ tí òkun náà yóò bá nígbà tí ó bá dé, bóyá èyí tí ó ní iyanrìn àti igi níwájú tàbí èyí tí a ti tú sí ìhòòhò, àwọn ará etíkun àti ìjọba wọn ni yóò pinnu rẹ̀. Àtòkèèrè ni olójú jíńjìn ti ń mẹ́kún sun. Kí àwọn tí ó wà ní ipò àṣẹ ní Lomé, Kútọnu, Èkó àti Àkúrẹ́ gbé owó tí ó yẹ kalẹ̀ ní báyìí, kí wọ́n sì jíhìn rẹ̀ fún àwọn ará ìlú. Kí àwọn ará ìlú náà má ṣe dákẹ́ títí wọn yóò fi rí iṣẹ́ náà ní ojúkojú.